Ilà Mẹ́ta Lára Wáyà Ìjọ

Sátidé kejì nínú oṣù kejì ọdún 1975, ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àkókò náà dá mi lójú nítorí mo wo aago ọwọ́ mi bí a ṣe ń wọ ìsọ̀ oníwáyà kan ní Òṣogbo. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kódà n kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọjọ́ Àìkú kan tí kò tíì pẹ́, ìjọ wa ní Iléṣà tún yàn mí pé kí n lọ ra wáyà. Bàbá Ìjọ, olórí àwọn àgbààgbà wa, dìde, wọ́n ní, "Tíṣà ni kó lọ. Ojú rẹ̀ ríran. Òun ló mú olè ọjọ́sí." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. N kò mú olè kankan.

Nígbà náà mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà. Ìjọ wa ń tún òrùlé ṣe, abẹ́ igi ọdán la ti ń jọ́sìn. A nílò wáyà gígùn tí yóò gbé iná láti ilé àlùfáà wá síbẹ̀, fún gílóòbù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kì í ṣe wáyà pẹlẹbẹ ti inú ilé. Èyí tó nípọn ni, tí rọ́bà bò, tí òjò kò ní tètè bà jẹ́. Nítorí pé mo kàwé, ìjọ ní kí n lọ rà á. Ìjọ tún ní kí n mú Bọ̀dá Bùràímọ̀ dání.

Bọ̀dá Bùràímọ̀ ni oníṣẹ́ iná àdúgbò wa. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, Mùsùlùmí, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń gbé Iléṣà. Mo fura sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ní ẹ̀rí. Ohun tí mo rí kò ju pé bí a ṣe dé ìsọ̀ náà, àwọn àti ọlọ́jà jọ ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó bá ń bá ọlọ́jà rẹ́rìn-ín lè ní ìpín nínú ọjà.

"Bùràímọ̀, o tún ti mú Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló wá!" Ọlọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Èyí ò ní kúrò níbí títí oòrùn ó fi wọ̀."

"Fi wọ́n sílẹ̀ o," ni Bọ̀dá Bùràímọ̀ dáhùn. "Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n lè na ìwọ àti wáyà ẹ pọ̀."

Wáyà àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà gbé kalẹ̀, Bọ̀dá Bùràímọ̀ ṣẹ́ ẹ po, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tì í padà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù nínú oòrùn. Èkejì dúdú, ó ń dán. Wọ́n fà á fún mi.

"Tíṣà, ẹ fọwọ́ kàn án. Wáyà tó bá rọ̀, ó ṣì wà láàyè. Tó bá ti le, òkú ni."

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ bí okùn ìdigi. "Ẹ ká a kó fẹ̀ bí ẹnu àgbá, bó ṣe fẹ́ ká ara ẹ̀. Ẹ fi kọ́ èèkàn igi níbi tó tutù. Ẹ má jẹ́ kó rí oòrùn, ẹ má jẹ́ kó rí ooru iná. Tíṣà, ṣé ẹ ń gbọ́?"

Mo ní mo ń gbọ́. Lóòótọ́ ni mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ló dé tí ọkùnrin yìí fi mọ̀ nípa wáyà tó báyìí? Ẹni tó mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi. Mo na wáyà náà, mo wá àárín rẹ̀ gan-an, mo sì fi abẹ kọ ilà kéékèèké mẹ́ta sí rọ́bà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ rẹ̀, màá mọ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ó jọ ọgbọ́n lójú mi.

A lo wáyà náà ní ọjọ́ Àjíǹde. Kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. Eku pọ̀ nínú yàrá ẹrù ìjọ, wọ́n ti jẹ aṣọ àwọn akọrin. Mo gbé wáyà lọ sílé.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni ilé ìdáná wa. Igi àjà tó wà lókè ààrò ni wọ́n máa ń so àgbàdo irúgbìn mọ́, kí èéfín lè lé kòkòrò àti eku. Wọ́n rí mi tí mo ń gbé wáyà káàkiri.

"Ṣé eku lò ń sá fún? Gbé e kọ́ òkè ààrò. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, eku ò jẹ irúgbìn mi níbẹ̀ rí."

Mo rò ó wò. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀rí lẹ́yìn: àgbàdo wà níbẹ̀, ó pé pérépéré. Mo gun àpótí. Mo fi àárín wáyà náà kọ́ igi àjà, mo ká apá méjèèjì mọ́ra wọn, mo sì fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Ìyá Àgbà lẹ́bi. Àgbàdo ni wọ́n mọ̀. Èmi ni mo kàwé nípa ohun tí ooru ń ṣe fún rọ́bà. Èmi náà ni Bọ̀dá Bùràímọ̀ bá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Oṣù méje ni wáyà náà fi wà lókè iná. N kò wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìkórè, Bọ̀dá Bùràímọ̀ wá gbé wáyà nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ìyá Àgbà jíṣẹ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́. "Oníná ní kí o wá rí òun kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Ó wo wáyà yẹn títí, ó ń mi orí."

Mo tún fura. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí a ra òmíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn ní Òṣogbo ni. N kò lọ.

Òjò àrọ̀kúrò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè. Abẹ́ igi ọdán la ṣì wà, ilẹ̀ sì rin. Ìyá Délé, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa, bọ́ bàtà wọn nítorí ẹrẹ̀. Wọ́n rí wáyà tó wà nínú omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé e kúrò kí ó má baà gbé ẹlòmíràn ṣubú. Mo wà nítòsí. Mo gbọ́ igbe wọn. Mo rí i pé ọwọ́ wọn kò lè jù ú sílẹ̀. Èmi onífísíìsì dúró bí òpó. Bọ̀dá Bùràímọ̀ ló sáré lọ yọ orí wáyà lára ògiri.

Ìyá Délé kò kú. Ìka méjì ní ọwọ́ òsì wọn kò ṣeé ká mọ́ títí di òní.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó. Wáyà náà wà lórí tábìlì. Ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹja yíyan. Ó le, ó ti sán káàkiri, wọ́n sì ti fi téèpù dì í níbi mẹ́rin.

"Tíṣà," ni Bàbá Ìjọ wí, "ṣé wáyà tí o rà nìyí?"

"Kì í ṣe òun, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Èyí tí mo rà dúdú, sà, ó sì rọ̀."

Gbólóhùn tí mo sọ kẹ́yìn yẹn, òtítọ́ ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ ni n kò yẹ̀ wò. Ẹ gbà mí gbọ́, wáyà náà ṣàjèjì sí mi lóòótọ́. Mo rántí ilà mẹ́ta mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá a lójú gbogbo wọn, wọn yóò mọ̀ pé mo ti pe ẹni tó bá mi lọ sọ́jà ní olè láti ọjọ́ kìíní. Ojú tì mí. N kò wá a.

Bọ̀dá Bùràímọ̀ dìde. "Tíṣà, ẹ wojú mi. Wáyà wa nìyí. Òun la jọ gbé wọnú ọkọ̀. Mo ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò wá. Mo fi téèpù dì í níbi tó ti sán, Bàbá ní kí n so ó bẹ́ẹ̀, pé àkókò ti lọ. Ẹ gbóòórùn ẹ̀, èéfín ló ń rùn."

"Iná tó jó Ìyá Délé ló ń rùn!" Bàbá Ìjọ lu tábìlì. "O ti ta tiwa, o wá gbé ògbólógbòó fún wa."

"Wàláì, n ò pààrọ̀ ẹ̀."

Bọ̀dá Bùràímọ̀ wò mí. Nígbà tí wọ́n dárúkọ èéfín, mo ti rí òkè ààrò lọ́kàn mi. Mo wo ilẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ní kí Bọ̀dá Bùràímọ̀ má fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ìjọ mọ́. Wọ́n gbé wáyà náà fún mi pé kí n tọ́jú rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá.

Mo délé, mo wá àárín rẹ̀. Ilà mẹ́ta mi wà níbẹ̀. Méjì ṣì tín-ín-rín bí mo ṣe kọ wọ́n. Èyí tó wà láàárín ti là bí ẹnu, bàbà inú rẹ̀ sì hàn síta. Kò sí téèpù níbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni àmì ìjóná wà.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà gbogbo. Ooru ló mú rọ́bà náà le, èmi ni mo gbé e sínú ooru. Àárín ló kọ́ igi, èmi ni mo gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Ilà abẹ ni ó ti là, èmi ni mo fi abẹ kọ ọ́, nítorí kí n lè mú olè. Ibi tí mo ti fura ni iná ti jáde mú Ìyá Délé.

Mo gé ibẹ̀, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo fi í sínú agolo, mo tì í mọ́ inú àpótí mi. Ìyókù ni mo jù sí ààtàn. Mo ní n ó sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ń bọ̀ mí lọ́wọ́ pé mo gba ìjọ lọ́wọ́ ayédèrú. N kò sọ ọ́.

Kí ọdún tó parí, kò sí ẹni tó ń pe Bọ̀dá Bùràímọ̀ síbi iṣẹ́ mọ́ ní àdúgbò wa. Wọ́n kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ń kọjá lọ, wọ́n sì rí mi.

"Tíṣà, ó dàbọ̀ o," ni wọ́n wí. "Ọlọ́hun ríran."

Ní gbogbo ìkórè, Ìyá Délé máa ń gbé iṣu wá fún mi, ọwọ́ òsì yẹn ni wọ́n fi ń ti igbá rẹ̀. Wọn a gbàdúrà fún mi, wọn a sì ṣépè fún Bùràímọ̀. Mo ń ṣe àmín sí àdúrà náà. Èpè náà ńkọ́? N kò mọ ibi tó ń lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Òṣogbo. N kò lọ ra wáyà. Mo wá Bọ̀dá Bùràímọ̀. Ọlọ́jà ọjọ́sí dá mi mọ̀. Kò bá mi ṣeré. "Ta ló fẹ́ gbé iṣẹ́ fún oníná tí Ìjẹ̀ṣà fi orúkọ olè lé jáde?" Ó ní wọ́n ti lọ ṣe iṣẹ́ oko ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹlòmíràn ní Òkè Ọya ni wọ́n wà. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ní Ìdó-Ọ̀ṣun, wọ́n fi ilé kan hàn mí. Kò sí ẹni nílé. Ìyá kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní, "Àgbẹ̀ ni bàbá tó ń gbébẹ̀. N ò mọ̀ ọ́n ní oníná o. Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?" Agolo náà wà nínú àpò mi. Mo dúró títí di aago mẹ́rin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni kí n kọ́kọ́ gbé agolo yìí síwájú rẹ̀? Ṣé Bàbá Ìjọ ni, tí yóò fẹ́ kí n bò ó mọ́lẹ̀? Ṣé Ìyá Délé ni, tí iṣu wọn wà nínú ilé mi? Àbí kí n padà sí Ìdó-Ọ̀ṣun títí n ó fi bá ẹni tó ni ilé náà, kí n dọ̀bálẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé Bọ̀dá Bùràímọ̀ kọ́ ló ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Ohun kan péré ni mo lè jẹ́rìí sí. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ilé náà, níbi tí ibòòji wà, tó jìnnà sí ilé ìdáná. Èèkàn igi kan wà lára ògiri. Wáyà dúdú kan wà lára rẹ̀, wọ́n ká a fẹ̀ bí ẹnu àgbá. Mo fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀.