Bẹẹrẹ Etí Odò àti Ilé Àwẹ̀ró

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ibi tí a jókòó sí yìí ṣì jẹ́ ilé àgbọ̀nrín, tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí ààlà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Oyèdòkun. Òun ni baba ńlá wa. Ẹ̀yin ọmọ agboolé Oníbẹẹrẹ, ẹ gbé dòjé yín sílẹ̀ ná. Ọ̀la ni a ó wọ inú ọ̀dàn, a kì í sì í wọ inú ọ̀dàn láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Oyèdòkun. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbọ́ ọ rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ tó nínú yín, kó dìde kó wá sọ ọ́ dípò mi. Kò sí? Ó dáa, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Oyèdòkun kò bá ogun dé ibí, kò sì bá oyè dé ibí. Koríko ló bá dé ibí. Iṣẹ́ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni kí ó máa fi bẹẹrẹ bo ilé, ọwọ́ rẹ̀ sì dán nínú iṣẹ́ náà débi pé bí ó bá bo ilé kan tán, òjò á lu òrùlé náà títí, á rẹ òjò. Ṣùgbọ́n bẹẹrẹ tán ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Wọ́n ti fi ọkọ́ tú gbogbo ìdí rẹ̀ láti gbin iṣu. Ni òun àti ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, bá di ẹrù wọn, wọ́n ní àwọn ń wá ibi tí koríko wà.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Wọ́n dé igbó ńlá, Àwẹ̀ró ní kì í ṣe ibí, nítorí bẹẹrẹ kì í gbé abẹ́ òjìji. Wọ́n gun òkè, Àwẹ̀ró ní kì í ṣe ibí, òùngbẹ á pa á. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dàn tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò wa yìí, tí bẹẹrẹ ga dé àyà ènìyàn, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìdí koríko, ó sì fi ọwọ́ náà han ọmọ rẹ̀. Ó tutù. Ilẹ̀ tí omi ń bò lásìkò òjò, tí ó ń fà kúrò lórí rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni bẹẹrẹ ń fẹ́. Ẹ má gbàgbé pé ìyá ló rí ibí. Oyèdòkun ló gba ìyìn, ṣùgbọ́n ìyá ló rí i.

Ẹ mọ̀ pé bẹẹrẹ kì í ṣe àgbàdo. A kì í gbìn ín lọ́dọọdún. Bí a bá gé e lẹ́ẹ̀rùn yìí, ìdí rẹ̀ ọjọ́sí náà ni yóò tún hù nígbà tí òjò bá dé, ìdí kan ṣoṣo a sì máa ju ọjọ́ orí ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń gé e. Àwẹ̀ró ní kí Oyèdòkun má ti dòjé bọ̀ ọ́ títí igi rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí irúgbìn rẹ̀ yóò fi bọ́ sílẹ̀. Ó tún ní èyí tó wà létí odò gan-an ni kí wọ́n máa gé kẹ́yìn, nítorí irúgbìn tirẹ̀ ni omi ń gbé ká gbogbo ọ̀dàn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn á bo ilé Oyèdòkun, wọn á bo ilé àwọn tó wá bá wọn tẹ̀dó, wọn á bo ilé àwọn ará ìlú mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá ti bo gbogbo ilé tán, wọn á wá gé ti etí odò, wọn á fi bo ilé Àwẹ̀ró. Òun ló fi ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá ni, ṣé ẹ mọ ìyá?

Ọdún ń gorí ọdún. Òkìkí Oyèdòkun kàn. Ní ọdún kan, Baálẹ̀ ìlú ńlá kan kọ́ ilé olójúlé ogójì, ó ránṣẹ́ pé Oyèdòkun ni kó wá bò ó, kó sì tètè parí rẹ̀, nítorí ọdún ìlú wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Inú Oyèdòkun dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ó rí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu gbogbo ayé. Ó wo bẹẹrẹ, kò tíì pọ́n. Ó ní yóò pọ́n lórí òrùlé. Ó ti dòjé bọ ọ̀dàn, ó gé e ní tútù, ó gé e kanlẹ̀, ó gé e títí ó fi ku ojúlé méjì péré lára ilé Baálẹ̀, kò sì sí bẹẹrẹ mọ́ àfi ti etí odò.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Oyèdòkun dọ̀bálẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá irúgbìn ti bọ́. Ó ní kò tíì bọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ Baálẹ̀ ti dúró. Ìyá rẹ̀ ní òrùlé òun jò ní òjò tó kọjá, òun ti fi agbada gba omi ní ibi méjì.

“Ẹ fara dà á fún mi,” ni Oyèdòkun wí. “Lọ́dún tó ń bọ̀, tiyín ni màá kọ́kọ́ bò.”

Àwẹ̀ró ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

“Àlàó, ọmọ mi ni ọ́, mo lè dúró dè ọ́. Koríko ni mi ò mọ̀ bóyá ó lè dúró.”

Ó gbọ́ ọ o. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé lọ nínú ọ̀rọ̀ náà ni “mo lè dúró dè ọ́.” Bí ọmọ ṣe ń gbọ́rọ̀ ìyá nìyẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Ó ní ọjọ́ kejì ni òun yóò gé e. Ó sì gé e.

Òjò dé. Ìdí tí wọ́n gé ní tútù, tí wọ́n gé kanlẹ̀, omi dúró lé e lórí, ó rà. Èyí tó kù hù ní pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí irun orí arúgbó. Koríko ẹ̀kan rí àyè, ẹ̀kan wọlé, ẹ̀yin náà sì mọ ẹ̀kan: bó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó di onílé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Oyèdòkun wọ inú ọ̀dàn láti gé ti ìyá rẹ̀ ṣíwájú ti gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí. Ó rìn ín láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ohun tó rí kò ju ìdì mẹ́ta lọ. Ojú tì í. Ó fi ìdì mẹ́ta náà àti imọ̀ ọ̀pẹ lẹ òrùlé ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wá máa sùn nílé òun. Obìnrin náà ní òun lè máa lọ, òun lè máa bọ̀, ṣùgbọ́n ilé òun ni òun yóò máa sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù la dé yìí. Bẹẹrẹ tútù tí ó fi bo ilé Baálẹ̀ hu èbu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé kó wá tún un ṣe, kò sì fi ọ̀rọ̀ rere ránṣẹ́. Oyèdòkun lọ. Orí òrùlé olórùlé ló wà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ṣú lọ́nà ilé rẹ̀. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sáré bọ̀ wá sílé, ṣùgbọ́n odò ti kún, kò sí bó ṣe lè là á kọjá. Ó dúró lódìkejì, ó ń wo òrùlé ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí imọ̀ ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń ká kúrò lórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì lè ṣe nǹkan kan.

Ìgbà tí odò fà, ó sáré wọlé. Ibì kan ṣoṣo ló gbẹ nínú ilé náà, kò fẹ̀ ju ẹní lọ. Àwẹ̀ró kò jókòó síbẹ̀. Igbá kan tó fi ìdérí dé ló gbé kalẹ̀ síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú omi, ó fi ẹ̀yìn dí atẹ́gùn fún igbá náà. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Oyèdòkun gbé e, ó dá iná fún un, ó ń bi í pé kí ló wà nínú igbá tí ìyá òun fi ara rẹ̀ ṣe òrùlé fún.

“Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí o gé ti etí odò,” ni obìnrin náà wí, “mo lọ fọwọ́ já èyí tó ti gbó níbẹ̀. Irúgbìn bẹẹrẹ ni. Má jẹ́ kí omi kàn án.”

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Àwẹ̀ró kú. Ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Oyèdòkun sunkún títí, ó pe ara rẹ̀ ní orúkọ tí a kì í pe ènìyàn. Ṣùgbọ́n igbá wà níwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ọ̀dàn, ó ń fi ọwọ́ tu ẹ̀kan. Kò lo ọkọ́, kí ó má baà fi ṣe ìdí bẹẹrẹ tó ṣẹ́ kù léṣe. Bó bá tu ìwọ̀n ẹní kan, á gbin irúgbìn díẹ̀ sí i. Ọdún méje ló fi ṣe é. Nínú ọdún méje náà, kò bo ilé ẹnikẹ́ni, imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lórí tirẹ̀ náà, eékún rẹ̀ sì le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọdún kẹjọ, bẹẹrẹ ga dé àyà ènìyàn.

Ó pọ́n. Irúgbìn rẹ̀ bọ́. Oyèdòkun gé ìdì àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti gbé àkàbà síwájú ilé wọn. Kò ya ibẹ̀. Ó gba ilé Àwẹ̀ró lọ, ilé tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ọdún méje, ó tún igi àjà rẹ̀ to, ó sì bò ó láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, ó bò ó bí kò ṣe bo ilé Baálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ni yóò sùn síbẹ̀.

“Mo ti ṣèlérí pé tirẹ̀ ni màá kọ́kọ́ bò,” ni ó wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dọọdún títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìdì àkọ́kọ́ tí ẹ ó gé lọ́la fi jẹ́ ti ilé róbótó tó wà lẹ́yìn yín yẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé inú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kì í fi ti etí odò ṣe ohunkóhun àfi lẹ́yìn tí irúgbìn rẹ̀ bá bọ́. Mo mọ̀ pé páànù ló wà lórí gbogbo ilé yín báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí la tún ń fi koríko ṣe.

Ẹ dìde, ẹ lọ wo inú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tí òjò lè pa nínú rẹ̀ mọ́, ilé náà kò jò rí.