Ọwọ́ Ọ̀tún Ògúntóyè

Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, Rogatien! Olùkọ́ lo jẹ́ fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ. Tìjání, fi bébà yẹn sílẹ̀ ná, má tíì gbé e fún un, tèmi ni. Háà! Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ti ìlú mi Massè rìn wá síbí lọ́jọọjọ́ Àìkú nítorí eré ogun orí ìwé yìí, níbi tí kálukú ti ní jagunjagun tó kọ sí bébà, tí wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín lọ́nà, wọ́n ní àgbàlagbà ń ṣeré ọmọdé, mo ṣì ń bọ̀, torí Ògúntóyè mi ń lágbára sí i. Jagunjagun inú bébà ni, mo mọ̀, àmọ́ inú bébà yẹn ló ti ń gun ọ̀pẹ, ibẹ̀ ló ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju àdá. Èmi tí igbà já mọ́ lórí ọ̀pẹ, tí apá ọ̀tún mi ń fì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, níbo ni mo tún ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó wá dòní. Ìwọ tó ń darí eré, ẹranko rẹ lu Ògúntóyè, kò burú, ogun ni. O ní kí n ju ọmọ lúdò ká mọ ibi tó ti bà á: ení orí, èjì àyà, ẹ̀ta ikùn, ẹ̀rin apá ọ̀tún, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀fà. Mo jù ú. Ẹ̀rin! Kí ni mo fi ṣẹ ọmọ lúdò? O ṣí ìwé òfin tó o fọwọ́ ara rẹ kọ, o kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn ní rédíò: apá ọ̀tún ti gé, kò wúlò mọ́, ẹ ya bébà rẹ̀.

Ońdè tó so mọ́ apá ọ̀hún ńkọ́? Ṣebí mo kọ ọ́ síbẹ̀, o sì rí i? Nílẹ̀ wa níbí, ta ní ń bèèrè ibi tí àdá ti ba ẹni tó so ońdè? Yíyọ̀ ni àdá ń yọ̀! O ní ìjọba kamarádì tó wà lórí àlééfà báyìí ti ní ká jáwọ́ nínú oògùn. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹranko abìyẹ́ tó ń tu iná lẹ́nu, ìyẹn ni ìjọba fọwọ́ sí? Àbí wọ́n ti dìbò yàn án sí kọmité ni?

Má rẹ́rìn-ín, Tìjání. Ìwọ náà dákẹ́ nígbà tó ń kà á, ìwọ télọ̀ tó ń bá mi yí bọ́tìnnì ẹ̀wù sápá kejì kí ọwọ́ òsì lè bá a.

Mo ní kó jẹ́ kí Ògúntóyè máa fòsì jà, ó ní òfin ni òfin. Mo ní kó máa ṣọ́ àgọ́, kó máa se oúnjẹ fáwọn tó kù. Rogatien, kí lo wí? O ní kí ni ọkùnrin tí kò lọ́wọ́ ọ̀tún ń wá láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́!

Ọjọ́ kan náà la jọ gba sẹ́tífíkà ilé ìwé, mi ò ní bú ọ. Gba bébà Ògúntóyè, ya á. Ó dáa. Ó wá ku ọ̀kan. Káàdì tí ìjọba ṣe fún mi nìyí, fọ́tò mi wà lára rẹ̀: Abọ́dúndé, ará Massè, iṣẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́mu.

Gbà. Ya òun náà. Ọwọ́ tìẹ ṣáà pé méjèèjì.