Férémù Ọlọ́wọ́ Òsì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí jókòó síwájú. Dókítà ti sọ fún mi pé oṣù tó kù kò pọ̀, mi ò sì lè gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Ní ọdún tó kọjá ló gbé férémù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí kò ní òǹtẹ̀ kankan. Ó ní ẹ̀yìn àpótí ìyá òun tó kú lòun ti rí i, wọ́n sì ní èmi ni mo máa ń mọ ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé bàbá mi ló ṣe é? Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà tó kú."

Mo ki ìka bọ ihò ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Ojú fáìlì, irin tí a fi ń rẹ́ irin, dà sápá òsì nínú ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń fi ọwọ́ òsì lo fáìlì nínú àwa ọmọṣẹ́ ọ̀gá wa, Ọlọ́wọ́ Òsì la sì ń pè é. Ó máa ń mú inú ihò yẹn dán, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. A máa ń bi í pé ṣé aáyán ló ń mú un dán fún.

Mo sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ṣe é, pé irú ẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, lọ́wọ́ èmi àgbààyà.

Ohun tí mò ń bò nìyí. Nígbà tí Ọlọ́wọ́ Òsì kú, ó fi férémù mọ́kànlá sílẹ̀, òǹtẹ̀ ẹja kékeré sì wà lára gbogbo wọn. Mo rẹ́ ẹja náà kúrò, mo tẹ orúkọ tèmi sí i. Àwọn ló sọ mí di gbajúmọ̀. Ìyàwó ẹ̀ béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fáìlì ẹ̀ pàápàá ò sí?" Mo ní kò sí. Ó wà nínú àpò mi. Férémù kejìlá, èyí tí ọmọ yìí gbé wá, ti ìyàwó ẹ̀ ni. Kì í tẹ òǹtẹ̀ sí ohun tí kò ní tà. Bí mo bá jẹ́wọ́ ọ̀kan yẹn, ẹnì kan á ki ìka bọ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ mi, á sì bá ojú fáìlì kan náà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ránṣẹ́ pé kí ó gbé e padà wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe tiẹ̀. Mo ti gbé e fún onírin àlòkù, wọ́n ti yọ́ ọ." Ojú tì mí.

Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ olórúkọ mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ dojú ẹ̀ dé, kí ọmọ yìí fọwọ́ kan iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àlè ló ń fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀. Ọmọ mi, ọwọ́ òsì nìkan ló lè júwe tìrẹ fún ọ, èmi ni mo dí i. Jọ̀ọ́, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Fáìlì náà rèé. Ọwọ́ òsì ni kí o fi gbà á.