Àdúrà Báírò Tí Wọ́n Pè Ní Ìyà

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín dáadáa, ẹ̀yin ará Àjáh! Ọba tí kì í gbọ́ ti ẹnìkan kó dájọ́, ẹ bá mi gbé e ga!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sábà gba máìkì. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run ṣe nílé wa ní Abraham Adésànyà, bí mo bá pa á mọ́ra, àìmoore ni.

Olùkọ́ ni Mọ́mì mi, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Ìlàsàn. Ìpolongo ìbò ń gbóná lọ́wọ́ nígbà tí fídíò kan jáde lórí ayélujára. Àwọn ọmọ iléèwé kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, Mọ́mì mi ń rìn láàárín wọn. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni, àfi orin tí wọ́n fi bò ó. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Olùkọ́ yìí ń fìyà jẹ ọmọ àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀."

Yéè! Ta ni nínú wa tí kò kúnlẹ̀ na ọwọ́ sókè rí níléèwé? Ìyà ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi tètè gbà á gbọ́. Ẹgbẹ́ kan ń pe Mọ́mì ní ìkà, ẹgbẹ́ kejì ń pè wọ́n ní akọni. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́mì mi kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan!

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ya fídíò yìí? Ìyókù rẹ̀ dà?"

Ẹnìkan fèsì pé: "Agbẹjọ́rò àwọn ìkà, ẹgbẹ́ wo ló rán ẹ?" Ẹlòmíràn ní: "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí i pé wọ́n kúnlẹ̀?"

Nígbà tó yá, ọ̀gá iléèwé pe Mọ́mì. "Mà, ẹ jókòó sílé ná. Ìgbìmọ̀ máa pè yín. Bó bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn o."

Mọ́mì mi gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣeun ọmọ mi, àdúrà ni mo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ o."

Àdúrà ni lóòótọ́! Bí ìdánwò àṣekágbá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ a kúnlẹ̀, wọ́n a gbé báírò wọn sókè, Mọ́mì mi a máa fọwọ́ kan orí wọn. Ẹni tó gbé fídíò náà jáde ti gé òkè àwòrán kúrò, kí báírò má bàa hàn. Mo mọ èyí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ nǹkan yàtọ̀ sí kó ní ẹ̀rí rẹ̀.

Àǹtí Bísí, àbúrò Mọ́mì, sáré wá láti Jakande. "Ẹni tó gbé fídíò yẹn jáde, olè ni! Wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Tètè gbé e síta!"

"Àǹtí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ènìyàn ló mọ̀!"

"Àwọn wo ni gbogbo ènìyàn yẹn, mà?"

Àǹtí pòṣé. "Ìwé ti dà ẹ́ lórí rú. Wọ́n ń jó ilé ìyá ẹ, o ń bèèrè orúkọ ẹni tó ṣáná!"

Ẹ̀yin ará, ó wù mí kí n gbé e jáde. Inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ló fi ìyá mi jókòó sílé. N kò gbé e. Mo gbàdúrà pé, "Olúwa, fún wa ní òtítọ́ tó ṣeé fojú rí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òbí ọmọ iléèwé náà. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan, àwọn kan kò gbé fóònù. Ó kù díẹ̀ kí n jáwọ́, ni mo bá kan Alhaja kan tó ń ránṣọ ní Jakande.

"Fídíò wo? Èyí tí mo yà nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Rámọ́tà? Ó wà níbí! Inú mi dùn ni mo ṣe fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí. Háà! Ta ló sọ àdúrà ọmọ mi di ìyà?"

Ògo ni f'Ọ́lọ́run!

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

"N ò fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan mọ́ láyé mi! Ẹsẹ̀ mi ni màá fi gbé e lọ."

Níwájú ìgbìmọ̀, ìyá tó jẹ́ alága kọ́kọ́ bèèrè pé: "Ẹ̀yin àti ẹbí yín, ǹjẹ́ ẹ ti gbé nǹkan kan jáde tá a máa wá rí i pé irọ́ ni?"

Àǹtí Bísí, tó bá wa lọ, ń wo ilẹ̀; ká ní mo ti gbọ́ tiwọn ńkọ́? Mo ní, "Rárá, mà."

"Ó dáa. Ẹ tan fídíò náà, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè."

Báírò kún ojú fóònù Alhaja. Ohùn Mọ́mì mi jáde ketekete: "Ohun tẹ́ ẹ ti kà, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀!"

"Àmín!" Àwọn ọmọ pariwo. Bàbá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ náà sì dáhùn "Àmín!" kó tó rántí ibi tó wà. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Alága nu ojú rẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Ẹ má bínú."

Halelúyà! Mo dúpẹ́, Olúwa! Mo tún ọpẹ́ dá!

N kò ní bù mọ́ ọn fún yín. Fídíò irọ́ náà ṣì wà níta. Ẹni tó gbé e jáde kò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá mi kò bọ́, oorun sì ti padà sílé wa.

Ìwọ tí wọ́n ń ba orúkọ rẹ jẹ́ lórí ohun tí o kò ṣe, má fi irọ́ gbèjà òtítọ́. Dúró. Máa wá a. Ọlọ́run mọ ẹni tí ẹ̀rí òtítọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì gbà á lẹ́nu èmi nìkan o. Mọ́mì mi nìyẹn lápá ọ̀tún, Alhaja tó bá wa wá dúpẹ́ ló jókòó tì wọ́n. Bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ lọ bi wọ́n.