Omi Tí Mo Bù Sí Igi Japan Tó Kó Bá Dáre

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún kejì rèé tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò lè gbé e mọ́, nítorí iṣẹ́ tí Dáre rán sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹrin, mi ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ olóko kòkó ni mí, ní ìhà Oǹdó. Mo wá ra ọjà ní Deira, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, lọ́dún 1996, mi ò sì padà. Mo ríṣẹ́ ní Sharjah, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, lọ́dọ̀ Lárúbáwá kan tó ń ta òdòdó àti igi. Kí ọdún tó yípo, mo ti ń sọ èdè wọn bí ẹni ń mu omi. Nínú gbogbo àwa dúdú tó wà níbẹ̀, èmi ni ọ̀gá ń pè.

Dáre dé lẹ́yìn mi. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò gbọ́ Lárúbáwá kọjá "yalla" àti "shukran", ọ̀gá náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ òun ni ọ̀gá fi sídìí àwọn igi mépù tí wọ́n kó wá láti Japan fún àgbàlá olówó kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ó dùn mí gan-an.

Inú ìkòkò ni wọ́n gbin àwọn igi náà sí, igi mẹ́sàn-án. Ewé wọn rí bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́ tó la ìka. Oòrùn ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ ni wọ́n wà, omi dídùn tí ọkọ̀ ń gbé wá ni wọ́n ń mu, nítorí omi kànga ibẹ̀ níyọ̀.

Nígbà tí òtútù dé, ewé wọn pọ́n fòò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lójú tèmi, òùngbẹ ni. Bí kòkó ṣe ń ṣe nìyẹn tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un.

Mo ní, "Dáre, o fẹ́ pa igi onígi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń sùn ni. Àwọn tó tà á ní tó bá ti pọ́n báyìí, ká dín omi kù. Ṣé rọ́bà ọ̀dọ̀ yín kì í wọ́wé ni?"

"Ta lò ń kọ́ níṣẹ́ oko? Ìwọ tó o rò pé inú àpò ni ìrẹsì ti ń hù!"

"Ẹ má bínú, bàbá olóko." Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ká mi lára. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbí, tó bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Oud Metha, mo ń wọlé lọ bomi sí wọn títí ìkòkò á fi kún. Mo fẹ́ kí ewé tuntun yọ, kí n lè sọ fún ọ̀gá pé èmi ni. Mi ò ní ibi lọ́kàn nígbà yẹn. Dáre ń ṣe kàyéfì pé iyẹ̀pẹ̀ ò gbẹ. Mo ní òtútù ẹ̀rọ ni.

Òtútù kọjá, ewé kankan ò yọ. Ọ̀gá fa igi kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Ó bi mí ní èdè rẹ̀ pé ta ló bu omi tó báyìí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní Dáre ni, pé ojú mi ló ṣe.

Dáre dúró tì wá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́ nínú ohun tí à ń sọ. Ó di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe èmi. Ẹ ní kó fún mi láyè, màá wádìí ẹ̀."

Mo yíjú sí ọ̀gá. Mo ní Dáre ní òun jẹ̀bi, kó dárí ji òun.

Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ọ̀gá ní, "Khalas," pé ó ti parí nìyẹn. Ó fagi lé físà rẹ̀. Mo wá sọ fún Dáre pé mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ gbìyànjú."

Èmi náà ni mo sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfúrufú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó wá ra ọjà ní Deira jíṣẹ́ fún mi. Dáre fẹ́ gbéyàwó. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní kí n wá jókòó sípò bàbá, torí èmi nìkan ni mo gbẹnu sọ fún òun nílẹ̀ àjèjì.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá lọ, ọwọ́ wo ni mo fẹ́ gbé lé e lórí láti súre? Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un, mo ba ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, físà tèmi náà lọ, ibẹ̀ sì làwọn ọmọ mi ti ń jẹun. Ọjọ́ Àìkú ni obìnrin náà ń padà sí Èkó, ó ń dúró de èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dáre.

Ohun tó ṣòfò rèé. Igi mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ Dáre. Físà tó ṣì ku ọdún méjì. Àti ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ní, tó tà kí ọmọ rẹ̀ lè rí owó ọkọ̀ wá.