Ìran Tí N Kò Rí

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú Jésùlọlá dé, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà ni mo ń nù lọ́wọ́. Àárọ̀ Sátidé ni, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Kò kọ́kọ́ sọ pé ọmọ òun ti kú. Ohun tó sọ ni pé, "Màmá, ìran tí ẹ rí ti ṣẹ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ inú ilẹ̀. Ẹ̀yin ará ìjọ, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ tí ẹ máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo kọ yìí. N kò rí ìran kankan. Irọ́ ni mo pa, orúkọ Ọlọ́run ni mo sì fi pa á.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ìjọ mọ̀ pé láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń tẹ dùùrù. Ilé ẹ̀kọ́ mísọ́ọ̀nù ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ tíṣà kan tó máa ń fi rúlà gbá wa ní ìka bí a bá ṣi ohùn tẹ̀. Ọkọ mi tètè kú, ó fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi, Ṣemílóore. Mo kọ́ ọ ní dùùrù, ó sì ń gbìyànjú. Ibà ló mú un lọ kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lẹ́yìn rẹ̀, ilé mi ní Onírèké dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú fíríìjì. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ibi tí ariwo kù fún mi sí, àga ìdí dùùrù sì ni ibi tí mo lè tọ́ka sí pé ọmọ mi jókòó sí rí. Ẹ má rò pé mo ń wá àwáwí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti sin ọmọ tí kò ba ọmọ ẹlòmíràn jẹ́.

Lateefat wá sí ìjọ wa nígbà tó ń wá ọmọ. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i, aṣọ ló ń rán ní Àgbowó. A gbàdúrà, Ọlọ́run dáhùn, ó sọ ọmọ náà ní Jésùlọlá. Nítorí ọ̀nà tó gbà rí ọmọ yìí, ohunkóhun tí aríran bá sọ nínú ìjọ, abẹ gé e ni lọ́dọ̀ Lateefat. Mo mọ èyí dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a ti túká, mo ń ká aṣọ funfun àdúrà mi nínú yàrá ẹ̀yìn, ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń tẹ orin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé Ṣemílóore ni. Mo sáré jáde. Jésùlọlá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀ lórí àga. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wòlíì Adésànyà, olùṣọ́ àgùntàn wa, wojú mi, ó ní, "Ìyá Akọrin, ẹ ò rí i? Ọlọ́run ti fi èyí rọ́pò Ṣemílóore fún yín!" Gbogbo wọn ní, "Àmín!" Ire ni wọ́n gbà lérò. Ṣùgbọ́n àmín yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Ṣé a máa ń pààrọ̀ ọmọ bí ẹni ń pààrọ̀ gílóòbù tó jó ni? Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ dùùrù tán, mo máa ń tì í pa. Bàbá ọmọ náà ra kíbọ́ọ̀dù kékeré kan fún un. Nígbà tí ìkórè sún mọ́, wọ́n ní òun ni yóò tẹ orin ìkórè.

Ní ìsìn Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀mí ń gbé àwọn èèyàn. Èmi tí Ẹ̀mí kò gbé rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo mi orí mi bí mo ti rí i tí àwọn ẹlòmíràn ń mi tiwọn. Mo ní, "Ọmọ kan wà láàrin yín tí ẹgbẹ́ rẹ̀ òde ọ̀run ń fi orin pè é. Ọwọ́ tó fi ń tẹ dùùrù kì í ṣe ọwọ́ tirẹ̀. Bí kò bá jáwọ́, wọn yóò mú un lọ." N kò dárúkọ. Kò sí ìdí tí mo fi ní láti dárúkọ. Lateefat figbe ta, "Jésù! Ọmọ mi ni!" Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n fi omi àdúrà wẹ ọmọ náà, wọ́n sì dáná sun kíbọ́ọ̀dù náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró tì wọ́n títí ó fi yọ́ tán. Èmi ni mo dá orin.

Ọdún ń gorí ọdún, Jésùlọlá wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ìgbà tó ń bọ̀ wálé fún ìsinmi ni mọ́tò gbá a ní Ìwó Road. Mo lọ kí Lateefat. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, èmi ni mo pa á. Wọ́n sọ fún mi pé ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn níbẹ̀. Mo gbọ́, mo dákẹ́, torí mo rí i pé inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́ràn." Ìyá ọkọ rẹ̀ ní emèrè ni, kí ẹnikẹ́ni má sunkún, kí wọ́n má kọ orúkọ sórí sàréè rẹ̀, kó má baà rí ọ̀nà padà wá fìyà jẹ wọ́n. Bí ẹni ń bo ẹrù olè mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín. Síbẹ̀ n kò sọ̀rọ̀.

Fíìmù kan ló mú mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọdé ni, Yọ̀mí, olùkọ́ àwọn ọmọdé, ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn wa, ó ní òun fẹ́ fi fíìmù kan hàn wá. Ìtàn ọmọ òrukàn kan ni, tó mọ dùùrù tẹ̀ bí áńgẹ́lì, tí àbúrò ìyá rẹ̀ sì ń fìyà jẹ. Gbọ̀ngàn kún. Kò pẹ́ tí ẹkún fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wo obìnrin burúkú yìí! Kò ní fọwọ́ rọrí sùn!" Ìyá Ìdùnnú ló ń pariwo yẹn, ó tilẹ̀ ju ìkarahun ẹ̀pà lu aṣọ náà. Yọ̀mí ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ rọra o, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi nìyẹn!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ dúpẹ́ pé irú èèyàn báyìí ò sí nínú ìjọ tiwa." Ojú mi wà lára ìka ọmọ inú fíìmù náà. Kò bá ohùn dùùrù mu rárá. Bí ohùn bá ń lọ sókè, ìka rẹ̀ á máa lọ sísàlẹ̀. Ó kàn ń fọwọ́ pa á lásán ni, gbogbo ìjọ sì ń sunkún lé e lórí. Ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́ ní tiwa, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni a sun níná.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ inú fíìmù bi àbúrò ìyá rẹ̀ pé, "Kí ni mo ṣe?" Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tó burú jù, èyí tí Lateefat pàápàá kò mọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sun kíbọ́ọ̀dù náà, Jésùlọlá wá bá mi nínú yàrá ẹ̀yìn, òun nìkan. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ lẹ rí i? Torí tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, mi ò kí ń gbọ́ ohùn ẹnì kankan tó ń pè mí. Orin yẹn nìkan ni mo máa ń gbọ́." Kò sí èrò níbẹ̀, kò sí Ẹ̀mí tó ń gbéni. Àwa méjèèjì àti Ọlọ́run ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú u sílẹ̀. Mo wo ojú ọmọ náà, mo ní, "Mo rí i." Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Mo bú sẹ́kún nínú gbọ̀ngàn náà débi pé wọ́n dá fíìmù dúró. Ẹni tó wá dì mọ́ mi ni Lateefat. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá mi. Mo mọ̀ pé Ṣemílóore lẹ rántí. Ọlọ́run á tù yín nínú." Wọ́n tan fíìmù padà. Ọmọ náà tẹ dùùrù níwájú àwọn èèyàn ńlá, àbúrò ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ọmọ náà sì forí jì í. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí èmi ṣẹ̀ ti wà nínú sàréè, ta ni n óò kúnlẹ̀ fún?

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Àgbowó. Lateefat wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tán, títí dé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Nǹkan kan ò ṣe ọmọ mi?"

"Nǹkan kan ò ṣe é."

"Kò lẹ́gbẹ́ kankan?"

"Kò ní. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni."

"Kì í ṣe tìtorí kíbọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀ ló ṣe kú?"

"Rárá. Ìwọ kọ́ lo pa á, Lateefat."

Ó gbé orí lé aṣọ tó ń rán, ó sun ẹkún tí wọn kò jẹ́ kó sun nígbà ìsìnkú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Mi ò fẹ́ bú àgbà." N kò tíì gba ìdáríjì, ẹ má ṣe bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Mo ti kúrò nídìí dùùrù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Wòlíì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìlara bá wọ̀ yín lọ́kàn, ẹ pè é ní ìlara. Ẹ má fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rí ìran nípa ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tó ń gbọ́.

Lẹ́yìn náà, Lateefat rán ẹnìkan sí mi. Ó ní òun kò fẹ́ rí mi nídìí sàréè náà, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́, kí n lọ kọ orúkọ ọmọ òun sí i. Mo ra ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Mo tu koríko, mo fọ erùpẹ̀ kúrò lára sìmẹ́ńtì, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo sì rọra kọ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: JÉSÙLỌLÁ.