Ìgò Kẹjọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgò omi yẹn kúrò níwájú mi. Òǹgbẹ ń gbẹ mí lóòótọ́, ẹnu mi ti gbẹ láti àná, ṣùgbọ́n n kò ní lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ bí ìgò bá ń wò mí lójú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjiníà omi, ẹ ní kí n wá sọ fún yín bí èèyàn ṣe ń mọ èèyàn nídìí iṣẹ́ wa, kí ẹ tó gbé àmì ẹ̀yẹ tó wà lórí tábìlì yẹn fún mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tó dùn, tí ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti fà á ya nínú mọ́tò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti pé ọdún mọ́kàndínlógún, dókítà sì ti sọ bí ọkàn mi ṣe rí. Kò dá mi lójú pé màá débi ogún. Ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, ara mi ò lélẹ̀ bí mo bá jókòó.

Èèyàn laṣọ. Bàbá mi máa ń wí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé iṣẹ́ omi, kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ẹ ò ní bá mi níbẹ̀. Àpò òsì ni káàdì orúkọ tèmi wà, àpò ọ̀tún ni mo ń kó ti àwọn ọ̀gá sí. Mo mọ ọmọ ọ̀gá wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, mo mọ ẹni tí orúnkún ń dùn. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá wọn, ẹ mọ ọjọ́ ìbí Alága, ẹ ò mọ tèmi!" Alága ẹgbẹ́ wa yẹn, ọkùnrin gíga kan tí a ń pè ní Ọ̀pá-Iná, òun ni mo ń wá ojú rere rẹ̀ lójú méjèèjì.

Obìnrin kan wà ní yàrá àyẹ̀wò wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìgò. Láràárọ̀ ló ń gbé ìgò mẹ́jọ sínú àpótí láti lọ bu omi ní ibi mẹ́jọ. Ìgò kìíní jẹ́ ti ẹ̀rọ omi inú ọgbà ilé iṣẹ́ wa. Ìgò kẹjọ jẹ́ ti ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn, níbi tí páìpù wa parí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Kì í kánjú. Á jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì gbáko kó tó bu ú, ètè rẹ̀ á máa ka iye. Bí mo bá ní kó yára, á ní, "Ọ̀gá, omi ìparí ìlà ló ń sọ òótọ́. Ti inú ọgbà yìí, ojú ayé lásán ni." Mo jù ú lọ ní ipò. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù mí lọ lọ́gbọ́n.

Ọ̀pá-Iná wá ránṣẹ́ pé òun ń kó ogójì àlejò bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́ wa, gbogbo wa sì mọ̀ pé ó ń wá igbákejì. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ tó ń kán oògùn apakòkòrò sínú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Mekáníìkì wa ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ká kìlọ̀ fáwọn ará ìlú kí wọ́n máa se omi wọn." Mo ní, "Kí àlejò wá bá ẹ̀rọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Gbá a nídìí, á lọ." Ó gbá a nídìí, ó lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń kán tín-ín-tín. Oògùn tín-ín-tín á ṣì wà nínú omi ọgbà, kì í dé ìparí ìlà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo kà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, mo ti wọ kóòtù, mo ń to káàdì mi, ni fóònù dún. "Ọ̀gá, mo wà nídìí ẹ̀rọ kẹjọ. Oògùn ò sí nínú omi yìí rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ ti ń tò wá mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti omi pa." Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, Mà. Màá rí sí i." Nígbà tó dé, mo gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ sinmi nílé. Mo gbé ìgò kẹjọ lọ sídìí ẹ̀rọ inú ọgbà, mo da omi rẹ̀ nù, mo sì rọ omi ọgbà sínú rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni. N ò tiẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Bí àlejò ṣe dé, mo kán èròjà àyẹ̀wò sínú ìgò náà níṣojú wọn, àwọ̀ rẹ̀ yí padà bó ṣe yẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀pá-Iná gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Igbákejì mi rèé."

Ẹ má tíì mirí, èyí kọ́ ló burú jù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ bíríkìlà kan, ọmọbìnrin ọdún méje, kò dìde mọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀? Ọ̀pá-Iná. Ìyá Ìgò ní òun pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo ojú yí sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó pè yín?" Mo ní, "Rárá." Ìgò kẹjọ wà lórí tábìlì, oògùn wà nínú rẹ̀. Ìyá Ìgò gbé e, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Èmi ni mo kọ ìwé ara ìgò yìí. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe omi mi." Ẹnì kan ní, "Omi náà ti wá ní ẹni tó ni ín?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, mo bá wọn rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, pé kò débi ẹ̀rọ kẹjọ rárá, pé ọgbà ló ti bu omi rẹ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bíríkìlà náà, bàbá ọmọ tó kú, dìde láàárín èrò, ó tutọ́ síwájú ẹsẹ̀ Ìyá Ìgò. Èèyàn laṣọ: mo rí aṣọ wọ̀, mo bọ́ ti obìnrin yẹn sílẹ̀ níṣojú gbogbo ayé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sílé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Kò pè mí ní ọ̀gá mọ́. Ó ní, "Dìde, kó o má baà kú sínú ilé mi, kí wọ́n tún ní èmi ni mo pa ọ́." Ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí omi ṣàn, ètè rẹ̀ ń ka iye, ó bu ife kan fún mi. N ò lè gbé e mì. Ó ní, "Bíríkìlà yẹn ṣì ń gba àdúgbò yìí. Bó bá rí mi, á sọdá sí òdì kejì. Kọ́kọ́ sọ fún un ná."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ èèyàn, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà ní ìparí ìlà bá pè yín, ẹ bọ́ kóòtù sílẹ̀ kí ẹ lọ. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ yẹn padà. Bàbá tó jókòó lórí àga ẹ̀yìn pátápátá lọ́hùn-ún, tó fi fìlà sórí orúnkún, èmi ni mo ní kí wọ́n pè yín wá. Ẹ ò mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan níṣojú yín. Ẹ jẹ́ kí n tún un dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó pè mí.